Omi Kì Í Dédé Pòórá: Bí A Ti Ń Wá Ìdí Tí Omi Rédíétọ̀ Katakata Fi Ń Dín Kù, Tí Ẹ́ńjìnnì Sì Ń Gbóná Jù



Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ilẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá túlẹ̀ ní àsìkò ni yóò gbin àgbàdo rẹ̀ ní àsìkò. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan bá dá owó jọ tí wọ́n sì ra katakata kan ṣoṣo, oko gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà ni ó so mọ́ ẹ́ńjìnnì kan náà. Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá bàjẹ́ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin ọdún, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni yóò jókòó lásán. Ogún tàbí ọgbọ̀n ilé ni yóò pàdánù ìgbà ìgbìn.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ooru ń bàjẹ́ kì í kú lójijì. Ó ti máa ń béèrè omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó dákẹ́. Ní àràárọ̀, awakọ̀ a ṣí ìdérí rédíétọ̀, a bu omi sí i, a sì gba oko lọ. Ó rò pé òun ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bíbu omi sí i lójoojúmọ́ láìwádìí kì í ṣe ìtọ́jú. Ńṣe ni ó ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ohun tí ìwé yìí fẹ́ kọ́ yín kò ju ẹyọ kan lọ: omi kì í dédé pòórá. Bí ó bá dín kù, ibì kan ni ó gbà lọ, ó sì yẹ kí ẹ mọ ibẹ̀ kí ẹ tó tún bu òmíràn sí i.

1. IṢẸ́ TÍ OMI Ń ṢE NÍNÚ Ẹ́ŃJÌNNÌ

Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó ṣe irú ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pọ̀ katakata ń lò. Ní ọdún 1897 ni èyí tí ó ṣe fi hàn pé ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Kì í ṣe gbogbo epo tí a dà sínú ẹ́ńjìnnì ni ó ń di agbára. Bí ẹ bá ra epo náírà mẹ́ta, nǹkan bí i náírà kan ni yóò fa ohun ìtúlẹ̀. Nǹkan bí i náírà kan yóò gba inú sàlẹ́ńsà jáde bí ooru. Èyí tí ó kù, ara irin ẹ́ńjìnnì àti omi tí ó yí i ká ni yóò gbà á. Bí kò bá sí ohun tí yóò kó ooru yìí kúrò, irin yóò wú, ọ́ìlì yóò ṣàn bí omi, písítìnnì yóò sì lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀.

Báyìí ni omi ṣe ń rìn. Pọ́ǹpù omi ń tì í yí inú ẹ́ńjìnnì ká, láti ìsàlẹ̀ dé orí. Bí omi náà bá ti gbóná tó, ìlẹ̀kùn kékeré kan tí à ń pè ní tàmósítáàtì yóò ṣí. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì, èyí a máa ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi yóò wá gba inú rọ́bà òkè lọ sí rédíétọ̀. Níbẹ̀ ni fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́ kọjá láàárín àwọn ìwé irin tín-ín-rín, tí ooru yóò fi kúrò lára omi. Omi tí ó ti tutù yóò sì gba inú rọ́bà ìsàlẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ọmọrí lásán bí ti ìkòkò. Ó ní ìrọ̀ irin tí ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Omi tí kò sí ohun tí ó tẹ̀ ẹ́ máa ń hó ní ìwọ̀n 100. Ṣùgbọ́n bí ìdérí tí a kọ 7 sí lára bá wà lórí rẹ̀, yóò dé nǹkan bí ìwọ̀n 110 kí ó tó hó. Ìdí nìyí tí ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti já fi lè mú kí ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa hó lórí oko.

2. KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN ÌDÉRÍ

Omi tí ó ti kọjá ìwọ̀n 100 lábẹ́ ìdérí yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá ṣí i, yóò sì tú sí ojú àti àyà ẹni tí ó ṣí i. Ó ti bó ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Nítorí náà:

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì dúró títí ẹ ó fi lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí rédíétọ̀ láìsí ìnira. Èyí lè gbà tó wákàtí kan. Bí ó bá kan ṣíṣí ìdérí, ẹ fi àpò tàbí aṣọ nípọn bò ó, ẹ yí i díẹ̀ títí yóò fi dúró ní ìdákọ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ooru omi jáde tán, kí ẹ tó ṣí i pátápátá. Ẹ gbé ojú sẹ́yìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé dúró nítòsí.

3. ÈWO NI Ó ṢÁÁJÚ: ÀÌTÓ OMI NI TÀBÍ OORU?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Omi tí ó dín kù lè mú kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná jù lè hó omi rẹ̀ dànù. Ẹni tí ó bá rí méjèèjì pọ̀ kò lè mọ èyí tí ó bí èkejì, àfi bí ó bá yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí ẹ ó ti ṣe é nìyí. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ bu omi sí i dé ibi tí ó yẹ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ìka méjì sí ìsàlẹ̀ ọrùn rédíétọ̀. Ẹ má ṣe kún un dé ẹnu. Omi máa ń wú bí ó bá gbóná: lítà 10 omi tútù a di nǹkan bí i lítà 10 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá nígbà tí ó bá dé ìwọ̀n 90. Bí kò bá sí àyè fún un, yóò tú èyí tí ó lé dànù ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Èyí kì í ṣe àìsàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi katakata náà ṣe iṣẹ́ fúyẹ́ fún ọjọ́ méjì, bí i kí ó fa ọkọ̀ àfàlẹ́yìn tí ẹrù rẹ̀ kò wúwo. Ẹ máa wo abẹ́rẹ́ aago ìgbóná. Ní òwúrọ̀ kejì àti ìkẹta, ẹ tún wo omi nígbà tí ó tutù.

Bí omi bá dín kù nígbà tí abẹ́rẹ́ kò kọjá ibi tí ó yẹ, jíjò ni ó ṣáájú. Ẹ lọ sí ìpín 4.

Bí omi kò bá dín kù nígbà iṣẹ́ fúyẹ́, ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ ń gòkè nígbà tí ẹ bá ń túlẹ̀, ooru ni ó ṣáájú. Ẹ lọ sí ìpín 5.

4. Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ OMI Ń GBÀ LỌ

Ọ̀nà kìn-ín-ní: ó ń jò sí ìta

Ẹ tẹ́ páálí gbígbẹ tí ó mọ́ sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì ní alẹ́, kí ẹ sì wò ó ní òwúrọ̀. Ibi tí páálí bá ti tutù yóò tọ́ka sí ibi tí ó ń jò lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ibòmíràn kì í jò àfi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, omi náà a sì gbẹ lójú ẹsẹ̀ lára irin. Irú ibẹ̀ kì í rin páálí. Àpá funfun tàbí àpá pupa bí ìpẹtà ni yóò fi sílẹ̀, nítorí náà ẹ wá àpá náà.

Ẹ wo àwọn ibi wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ: rọ́bà òkè àti rọ́bà ìsàlẹ̀, pàápàá lábẹ́ kílíìpù tí ó dè wọ́n, rọ́bà tí ó ti sán tàbí tí ó rọ̀ jọ̀bọ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kò wúlò mọ́. Ẹ wo ojúkò tí a ti jó irin rédíétọ̀ pọ̀. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà tí a fi ń tú omi dànù ní ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo abẹ́ pọ́ǹpù omi. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ mọ̀ọ́mọ̀ dá sí i. Bí omi bá ń kán jáde níbẹ̀, rọ́bà tí ó dí inú pọ́ǹpù ti jẹ. Ẹ má ṣe dí ihò náà pa, nítorí bí ẹ bá dí i, omi yóò gba ibi tí irin ti ń yí, yóò sì ba pọ́ǹpù náà jẹ́ pátápátá.

Ọ̀nà kejì: ó ń gba ọrùn rédíétọ̀ jáde

Ẹ wo ọ̀pá tàbí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti ọrùn rédíétọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá tutù lẹ́yìn iṣẹ́, omi ń gba ibẹ̀ lọ. Ẹ wo rọ́bà inú ìdérí: ṣé ó ti já, ṣé ó ti gan, ṣé ìrọ̀ irin rẹ̀ ti dẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ ra ìdérí tuntun, ẹ ra èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ẹ má ṣe rò pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù ni ó dára jù. Ó lè fọ́ rédíétọ̀ tí ó ti gbó.

Bí ìdérí bá dára, tí omi sì ń tú jáde níbẹ̀ síbẹ̀, ohun kan ń tì í láti inú wá. Èyí mú wa dé ọ̀nà kẹta.

Ọ̀nà kẹta: ó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì

Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Èyí tí ó burú jù nínú jíjò ni èyí tí ojú kò rí. Láàárín ara ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì wà, tí ó ya iná, omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Bí ó bá jóná, tàbí bí orí ẹ́ńjìnnì bá sán tàbí tí ó tẹ̀, àwọn mẹ́ta tí kò yẹ kí ó pàdé yóò pàdé. Àmì márùn-ún ni kí ẹ wá:

(i) Ìfófòó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí, ẹ bu omi kún un dé ọrùn, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wo inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè kọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n bí ìfófòó bá ń jáde láìdáwọ́ dúró, atẹ́gùn iná ń wọ inú omi. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí omi tó gbóná.

(ii) Rọ́bà líle. Ẹ dé ìdérí padà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì tútù, kí ẹ sì fọwọ́ tẹ rọ́bà òkè lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bí ó bá ti le gbandi nígbà tí omi kò tíì gbóná, kì í ṣe ooru ni ó mú un le; atẹ́gùn láti inú ilé písítìnnì ni.

(iii) Àwọ̀ ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá rí bí i tíì tí a da mílíìkì sí, tàbí bí ó bá ga ju bí ẹ ti fi í sílẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bù sí i, ó ṣeé ṣe púpọ̀ pé omi ti wọ inú rẹ̀. Ìkùukùu funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan lè jẹ́ ìrì òwúrọ̀ lásán. Ti ara ọ̀pá ni ẹ̀rí tí ó dájú.

(iv) Omi ní ìsàlẹ̀ ọ́ìlì. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti sùn mọ́jú, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ibi tí ọ́ìlì ń gbé díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá kọ́kọ́ kán jáde kí ọ́ìlì tó tẹ̀lé e, ẹ ti rí ìdáhùn.

(v) Èéfín funfun. Èéfín funfun díẹ̀ nígbà tí a bá kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kò burú. Ṣùgbọ́n èyí tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, omi ni ó ń jóná níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí àmì (iii) tàbí (iv), ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ́ìlì tí omi ti bà jẹ́ kò lè ya irin kúrò lára irin. Bákan náà, bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ láti yí ní òwúrọ̀ bí ẹni pé ohun kan dè é mú, ẹ má ṣe fi ipá yí i, ẹ má sì ṣe fi ọkọ̀ mìíràn fà á. Bí omi bá kún inú ilé písítìnnì, kò ṣeé fún pọ̀. Irin ni yóò tẹ̀ tàbí tí yóò ṣẹ́.

5. BÍ OMI BÁ PÉ ṢÙGBỌ́N TÍ OORU PỌ̀ JÙ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò náni ní kọ́bọ̀.

Rédíétọ̀ tí ìyàngbò dí. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, bí i ti Òkè-Ògùn, irúgbìn koríko, ewé gbígbẹ àti eruku ọyẹ́ a máa dí ojú rédíétọ̀ títí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ gbọ̀n ọ́n tàbí kí ẹ fi omi tí kò le púpọ̀ fọ̀ ọ́. Láti ẹ̀gbẹ́ fáànù ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́ bọ̀ síwájú, nítorí iwájú ni afẹ́fẹ́ ti ń kó ìdọ̀tí wọlé. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ láti iwájú, ẹ óò tì í wọ inú sí i. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ ha á. Ní àkókò ìtúlẹ̀, ó yẹ kí a wò ó lójoojúmọ́.

Bẹ́líìtì fáànù. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín bẹ́líìtì. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí i sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ, ó ti dẹ̀. Fáànù àti pọ́ǹpù kò ní yí tó. Bí ó bá sán tàbí tí ara rẹ̀ ń dán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Tàmósítáàtì. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi òwú so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, láìjẹ́ kí ó kan ìdí ìkòkò. Ó yẹ kí ó ṣí kí omi tó hó. Bí omi bá hó tí kò ṣí, ó ti kú. Ẹ ra òmíràn. Ẹ má ṣe gbà kí mẹkáníìkì yọ ọ́ dànù kí ó sì sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in a máa tutù jù nígbà iṣẹ́ fúyẹ́, èyí tí ń jẹ ilé písítìnnì tí ó sì ń fi epo ṣòfò. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn pẹ̀lú, bí kò bá sí i, omi yóò máa gba ọ̀nà àbùjá padà láìdé rédíétọ̀, ooru yóò sì tún pọ̀ sí i nígbà iṣẹ́ líle.

Èérí inú. Omi kànga mìíràn ní èròjà tí ń lẹ̀ mọ́ irin gẹ́gẹ́ bí èyí tí ẹ ń rí nínú kẹ́tùrù tí ó ti pẹ́. Èérí yìí kì í jẹ́ kí ooru kúrò lára irin bọ́ sínú omi. Bí ẹ bá fọwọ́ pa ojú rédíétọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ díẹ̀, tí apá kan gbóná tí apá kan sì tutù, inú rẹ̀ ti dí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ṣe èyí, nítorí fáànù kò mọ ìka ọwọ́.

Iṣẹ́ àṣejù. Ẹ wò ó bóyá ohun ìtúlẹ̀ wọlẹ̀ jù, tàbí bóyá jíà tí awakọ̀ ń lò ga jù fún ilẹ̀ líle.

6. ÀPẸẸRẸ KAN

Kí a sọ pé katakata ẹgbẹ́ kan ń gba ìdajì lítà omi ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní kí wọ́n ra rédíétọ̀ tuntun. Kí wọ́n tó náwó náà, wọ́n tẹ̀lé ìlànà ìwé yìí.

Abẹ́rẹ́ dúró sí ibi tí ó yẹ nígbà iṣẹ́ fúyẹ́, síbẹ̀ omi dín kù: jíjò ni ó ṣáájú. Páálí gbẹ ní òwúrọ̀, kò sì sí àpá funfun tàbí ìpẹtà níbikíbi: kì í ṣe ọ̀nà kìn-ín-ní. Abẹ́ ọ̀pá ọrùn rédíétọ̀ tutù lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n pààrọ̀ ìdérí, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì tútù, rọ́bà òkè sì le láàárín ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n ṣí ìdérí ní òwúrọ̀ kejì, ìfófòó ń jáde láìdáwọ́ dúró. Ọ́ìlì ṣì mọ́.

Kí ni ẹ rò? Gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Atẹ́gùn iná ń wọ inú omi, ó sì ń tì í gba ọrùn jáde. Rédíétọ̀ tuntun kì bá ti wo àìsàn yìí sàn. Owó ẹgbẹ́ ni ì bá gbé lọ. Nítorí pé ọ́ìlì kò tíì bàjẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì àti iṣẹ́ ọwọ́ mẹkáníìkì lè tó. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ó gbé irin tí ó gún gẹ́ẹ́ lé orí ẹ́ńjìnnì láti wò ó bóyá ó ti tẹ̀, kí ó tó dè é padà. Bí ó bá ti tẹ̀ tí a kò sì tún un ṣe, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun náà yóò jóná.

7. IRÚ OMI TÍ Ó YẸ

Omi òjò tí a gbè pẹ̀lú ohun èlò tí ó mọ́ dára ju omi kànga líle àti omi odò lọ. Kúláǹtì tí a ń tà dára jù ú lọ, bí a bá pò ó gẹ́gẹ́ bí ara agolo rẹ̀ ti wí. Ní ilẹ̀ òtútù, kí omi má baà di yìnyín ni wọ́n fi ń lò ó. Ní ilẹ̀ tiwa, ìwúlò rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí irin pẹtà, ó sì ń mú kí omi pẹ́ kí ó tó hó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ jẹ́ májèlé tí ó dùn lẹ́nu. Ẹ má ṣe fi í sínú ìgò ohun mímu, ẹ má sì ṣe dà á sílẹ̀ níbi tí ọmọdé, ajá tàbí ewúrẹ́ lè tọ́ ọ wò.

Ẹ má ṣe da ata gbígbẹ, ẹyin tàbí ohunkóhun bẹ́ẹ̀ sínú rédíétọ̀ láti fi dí ihò. Ohun tí ó lè dí ihò kékeré lè dí ọ̀nà omi pẹ̀lú.

8. BÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ BÁ GBÓNÁ JÙ LÓRÍ OKO

Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè ṣùgbọ́n tí omi kò tíì tú jáde, ẹ gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè, ẹ dúró, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí fáànù àti pọ́ǹpù lè kó ooru kúrò. Bí abẹ́rẹ́ kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ pa á. Ṣùgbọ́n bí ooru omi bá ti ń tú jáde, tàbí bí rọ́bà bá já, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí omi tí pọ́ǹpù yóò tì mọ́.

Ẹ má ṣe da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná tí omi rẹ̀ sì ti tán. Irin gbígbóná tí omi tútù bá bà lójijì a máa sán, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò amọ̀ tí a gbé kúrò lórí iná tí a sì da omi tútù sí. Ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Wákàtí kan tí ẹ fi dúró kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù kan tí katakata yóò fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

9. ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ ẸGBẸ́

Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ so ó mọ́ ibi tí awakọ̀ ti lè rí i. Ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọjọ́, wákàtí iṣẹ́, iye omi tí ó bù sí i, ìwọ̀n ọ́ìlì, àti ibi gíga jùlọ tí abẹ́rẹ́ dé. Kí ó lo ife kan náà nígbà gbogbo láti wọn omi. Ife kan ní ọ̀sẹ̀ méjì lè má jẹ́ nǹkan. Ife kan lójoojúmọ́ jẹ́ ìkìlọ̀. Ife kan tí ó di méjì, tí méjì sì di mẹ́ta, jẹ́ ìpè sí ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan gbogbo ẹgbẹ́ ju awakọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ ń mu omi, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé a ó ní àwọn ni ó bà á jẹ́, tàbí pé àwọn tí oko wọn kàn yóò bínú bí iṣẹ́ bá dúró. Bí ẹgbẹ́ bá ń fi ìtanràn jẹ ẹni tí ó mú ìròyìn búburú wá, ìròyìn náà kò ní dé mọ́ àfi ní ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́. Ẹ fi í ṣe òfin pé ẹni tí ó bá tètè sọ kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá fi pamọ́ ni a ó bi léèrè. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

10. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

(1) Ta ni ó ń wo omi àti ọ́ìlì katakata wa ní òwúrọ̀, níbo ni ó sì ń kọ ọ́ sí?
(2) Bí omi bá dín kù ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ kò gòkè, kí ni a ó kọ́kọ́ wò?
(3) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a ó ṣe bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, àti ohun tí a ó ṣe bí omi bá ti ń tú jáde?
(4) Ṣé tàmósítáàtì ẹ̀rọ wa ṣì wà ní ipò rẹ̀? Ta ni ó rí i kẹ́yìn?
(5) Bí awakọ̀ wa bá ní kí iṣẹ́ dúró lónìí, ta ni yóò gbè é lẹ́yìn níwájú ẹni tí oko rẹ̀ kàn?

Ẹ má ṣe dúró di ìgbà òjò kí ẹ tó dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí katakata wà lábẹ́ àtíbàbà tí ọwọ́ gbogbo wa sì dilẹ̀ díẹ̀, ni àkókò tí ó tọ́ láti tẹ́ páálí sí abẹ́ rẹ̀ kí a sì wo ibi tí omi ń gbà lọ.